Ta Ló Rí Rakúùnù?

Ẹni tí wọ́n bá dá láre kì í pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Gbogbo ayé ló mọ̀ bẹ́ẹ̀, ẹgbẹ́ àwọn ọlọ́dẹ-alájá Pigeon Branch náà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀, títí di òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú kan nínú oṣù kẹwàá tí Estill Ratliff dìde láàárín èrò nínú ilé ẹgbẹ́, tó ní òun ta ko máàkì tí wọ́n fún ajá òun. Kì í ṣe pé máàkì náà kéré o. Ó ní ó ti pọ̀ jù. Ó ní kí wọ́n gbà á padà.

Àwọn kan rẹ́rìn-ín, wọ́n rò pé àgbà ń ṣàwàdà. Nedra Caudill kò rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yìn ló jókòó sí, abọ́ búrẹ́dì àti ọbẹ̀ sọ́séèjì wà lórí itan rẹ̀, oúnjẹ náà sì ti korò mọ́ ọn lẹ́nu. Òun ló fún ajá bàbá yìí ní máàkì ọ̀hún, òun àti Gaylon Prater.

Àwọn mẹ́ta ni wọ́n jọ kó ajá wọ igbó lálẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta. Nedra, tó ń fi bọ́ọ̀sì gbé àwọn ọmọ lọ sílé ìwé, mú ajá rẹ̀ pupa, Hank. Gaylon, tó ń ta àlòkù ọkọ̀ lẹ́bàá ọ̀nà, tí ẹ̀rín kì í kúrò lẹ́nu rẹ̀, mú tirẹ̀, òun náà sì ni adájọ́ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Bàbá Estill, tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún wa èédú kó tó fẹ̀yìn tì, mú Dolly. Dolly ti darúgbó fún ajá. Ìbàdí rẹ̀ ti le, dókítà ẹran sì ti sọ pé ọkàn rẹ̀ kò ní gba eré igbó lẹ́yìn ọdún yìí. Ìborí kan ṣoṣo ló kù kó jẹ oyè tí ajá ọdẹ lè jẹ tó ga jù lọ. Ìdíje tó kẹ́yìn lọ́dún náà sì nìyẹn; bí kò bá borí lálẹ́ ọjọ́ náà, kò ní joyè mọ́ títí tó fi máa kú. Kò sẹ́ni tí kò mọ̀ nínú ẹgbẹ́.

Ẹni tí kò bá mọ ìdíje yìí lè rò pé ọdẹ pípa ni. Rárá. Wọn kì í yìnbọn níbẹ̀, ẹran kankan kì í kú. Ajá ló ń sáré, èèyàn ló ń fetí sílẹ̀ nínú òkùnkùn. Bí ajá bá gbóòórùn rakúùnù, ẹran igbó kékeré kan tó ń jẹ̀ lóru tó sì mọ igi gùn, tí ajá náà sì gbó, olówó rẹ̀ á pe orúkọ rẹ̀, ẹni tó bá kọ́kọ́ pè ló ni máàkì tó pọ̀ jù. Bí ajá bá lé ẹran náà gun orí igi, tó dúró sí ìdí igi náà tó ń gbó, olówó rẹ̀ á tún pè é. Nígbà náà ni gbogbo wọn á lọ bá a níbẹ̀, wọ́n á tan tọ́ọ̀ṣì sókè. Bí wọ́n bá rí rakúùnù, máàkì di èrè. Bí igi bá ṣófo, tó hàn gbangba pé ó ṣófo, máàkì di gbèsè. Ṣùgbọ́n bí ewé bá bò ó, tí ẹnikẹ́ni ò lè búra pé ẹran wà níbẹ̀ tàbí pé kò sí, adájọ́ á fi òrùka yí máàkì náà ká. Olórùka kì í ṣe èrè, kì í ṣe gbèsè. Ó kàn wà níbẹ̀ bí àlejò tí ẹnikẹ́ni ò fún lóúnjẹ.

Ta ló wá ń sọ pé wọ́n rí i? Ìbò ni. Bí ẹni méjì nínú mẹ́ta bá ní àwọn rí i, ó di rírí.

Hank ti ní igba máàkì lọ́wọ́ nígbà tí Dolly nìkan lé nǹkan kan lọ sí orí igi óòkù ńlá kan lẹ́bàá odò. Àjàrà igbó ti gun igi náà dé orí, ewé rẹ̀ kò sì tíì wọ́. Bí wọ́n bá rí rakúùnù níbẹ̀, máàkì Dolly á fi díẹ̀ ju ti Hank lọ, òun ló máa borí. Wọ́n tan tọ́ọ̀ṣì. Wọ́n yí igi náà ká títí ọrùn fi dùn wọ́n.

"Mi ò rí nǹkan kan," Bàbá Estill ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó fi ọwọ́ kan di igi mú, ó fi èkejì di ọrùn Dolly.

"Èmi rí i," ni Gaylon wí. "Níbi tí ẹ̀ka méjì yẹn ti pàdé. Nedra, ìwọ náà rí i, àbí?"

Ojú Gaylon kò sí lára igi nígbà tó ń sọ ọ́. Ojú Nedra ló ń wò, ọ̀rọ̀ tí kò fẹnu sọ sì yé Nedra yékéyéké. Nedra gbójú sókè. Ewé ló rí. Ó rí àjàrà, ó rí kókó igi dúdú kan tó lè jẹ́ ohunkóhun. Ó wo àgbàlagbà tó fara ti igi, ó wo ajá tí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ ń gbọ̀n.

"Mo rí i," ó ní.

Gaylon fò sókè. "Ẹni méjì ti rí i! Ojú yín ló ti ń di ti àgbà, Bàbá. Ìbò ti parí."

Ẹ má yára bú Nedra. Nígbà tó kọ́kọ́ mú ajá wá sí ẹgbẹ́ náà, àwọn ọkùnrin ní kó lọ fi í ṣọ́ adìẹ. Bàbá Estill nìkan ló pè é jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀, tó ka ìwé òfin fún un láti ojú ewé kìn-ín-ní dé ìkẹyìn, tó bi í ní ìbéèrè, tó tún bi í. Bàbá yìí ti ṣe olórí ìdíje fún ọ̀pọ̀ ọdún, kò sì ṣojúsàájú fún ẹnikẹ́ni rí. Ó fi òrùka yí máàkì ajá àbúrò rẹ̀ gan-an ká lọ́dún kan, àbúrò náà kò sì bá a sọ̀rọ̀ títí di Kérésìmesì. Láti ìgbà ẹ̀kọ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn ni Nedra ti ń bá a jáde, àwọn méjèèjì ti jọ dúró nídìí igi tí kò lóǹkà. Gbèsè ọpẹ́ wà lọ́rùn rẹ̀, ó sì ń wá bí òun ṣe máa san án. Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ ná: ẹni tó kọ́ ọ pé kó o má purọ́, òun lo wá fẹ́ fi irọ́ dá lọ́lá. Ọ̀rọ̀ òmùgọ̀ ni, ṣùgbọ́n inú rere ló ti wá.

Òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú ló wá mọ́. Hobart Slone, tó ń ta oúnjẹ ẹran, tí ikùn rẹ̀ máa ń ṣíwájú rẹ̀ wọlé, ni olórí ìdíje báyìí. Ó ti gbé ife ẹ̀yẹ sórí tábìlì, ajá kékeré aláwọ̀ góòlù lórí pákó. Ó ti fẹ́ pe orúkọ Dolly kí Bàbá Estill tó dìde.

Hobart tún awò ojú rẹ̀ ṣe. "Ẹ̀gbọ́n Estill, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ó yé mi. Wọ́n dá yín láre, ẹ tún wá ń pe ẹjọ́?"

"Ibo ni wọ́n kọ ọ́ sí pé kí n má pè é?"

"Kò sẹ́ni tó ṣe é rí ni."

"Ohun tí mo bi ọ́ kọ́ nìyẹn, Hobart. Ṣí ìwé."

Hobart ṣí ìwé. Ó fi ìka sábẹ́ ìlà kan, ó ń jẹ ètè. "Ó ní ẹnikẹ́ni tó kó ajá jáde lè ta ko ìpinnu adájọ́."

"Ṣé ó ní kó jẹ́ ìpinnu tó dun ẹni náà?"

"Kò sọ bẹ́ẹ̀."

"Nítorí náà, mo ta kò ó. Wọ́n ní rakúùnù wà lórí igi. Èmi wà nídìí igi náà, mi ò rí i."

Vester Noble, tó ń tún mótò ṣe, tí ẹnu rẹ̀ kì í gbófo, pariwo láti ìdí ìkòkò kọfí. "Ìṣòro wo ló wà níbẹ̀? Ilẹ̀ ti mọ́, ẹ jẹ́ ká lọ wo igi náà!"

"Kí lo fẹ́ wò?" Hobart dá a lóhùn. "Rakúùnù wo ló máa dúró dè ọ́ títí o ó fi mu kọfí tán? Igi alẹ́ àná là ń dá lẹ́jọ́, kì í ṣe igi àárọ̀ yìí. Jókòó jẹ́ẹ́."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, Vester náà rẹ́rìn-ín. Hobart ka ìlà náà lẹ́ẹ̀kan sí i, ó wá bọ́ awò. Kò gbọ́n ju ẹlòmíì lọ, ṣùgbọ́n kò sí ojúsàájú nínú rẹ̀, ohun tí mo sì fẹ́ràn lára rẹ̀ nìyẹn.

"Bó ṣe yé mi rèé," ó ní. "Òfin kò ní dandan ni kí olówó ajá rí ẹran. Ẹni méjì ló ní ó tó, nítorí náà àìrí yín, ẹ̀gbọ́n, kò ba nǹkan kan jẹ́. Ṣùgbọ́n rírí ni wọ́n kọ, wọn ò kọ rírò, wọn ò kọ fífẹ́. Mi ò lè wọ inú ojú ẹnikẹ́ni. Èmi á bi àwọn méjèèjì níbí, níwájú gbogbo èèyàn. Bí wọ́n bá dúró lórí ọ̀rọ̀ wọn, Dolly joyè lónìí. Bí ẹnì kan bá yẹ̀, òrùka ni, Hank ló sì borí."

Ó sọ èyí tó kẹ́yìn yìí wẹ́rẹ́, bí ẹni ń ka iye àpò àgbàdo. Gbogbo orí ló yí padà sí ẹ̀yìn, sọ́dọ̀ Nedra.

Gaylon ni Hobart kọ́kọ́ bi. Gaylon dìde, ó fi ọwọ́ sápò.

"Mo rí i ju bí mo ṣe ń rí ọ lọ, Hobart, ìwọ náà sì mọ̀ pé o kò ṣeé má rí. Ojú méjèèjì rẹ̀ ń dán wá sílẹ̀. Bàbá Estill, ẹ má bínú sí mi, ẹ gba oyè yín kẹ́ ẹ jẹ́ ká jẹun. Ajá yín ti ṣiṣẹ́ fún un."

Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Àwọn obìnrin tó wà nídìí ààrò pàápàá pàtẹ́wọ́. Bàbá Estill kò pàtẹ́wọ́, kò sì yíjú.

"Nedra," Hobart pè.

Nedra gbé abọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ohun tó wà níwájú rẹ̀ kò ṣòro láti rí, láti gbé ló ṣòro. Bó bá ní òun rí i, gbogbo ilé á ké yèè, bàbá náà á sì gbé oyè tí kò gbà gbọ́ lọ sílé. Bó bá sọ òtítọ́, ajá tirẹ̀ ló máa gba ife. Ẹnu kan náà ló fi ní òun rí i lálẹ́, ẹnu kan náà ló fẹ́ fi ní òun kò rí i láàárọ̀, lẹ́yìn tí gbogbo ayé ti mọ ẹni tí ìyẹn máa ṣe láǹfààní. Ta ló máa gbà pé kì í ṣe nítorí ife ni? Ẹ̀rù bà á, ojú sì tì í kó tó lanu rárá.

"Hobart," ó ní, "bí mo bá fa Hank kúrò ńkọ́?"

"Ìdíje ti parí lánàá. Ajá tó ti parí ìdíje kò ṣeé fà kúrò."

"Kó má sẹ́ni tó borí nínú wa ńkọ́?"

"Òfin kò mọ ìyẹn."

"Kí ló dé tí obìnrin yìí ń ná ọjà?" Vester ló tún sọ̀rọ̀. "Ìwọ rí i, àbí o ò rí i? Ṣebí o lójú ni!"

Nedra wo Bàbá Estill. Bóyá bó bá wo òun, òun á mọ èyí tó yẹ. Ṣùgbọ́n ìwé òfin tó wà lọ́wọ́ Hobart ni bàbá ń wò, Dolly sì sùn sábẹ́ àga rẹ̀, ó ń hanrun.

"Mi ò rí i," ni Nedra wí.

Ó kọjú sí Hobart.

"Ewé ni mo rí. Mo rí kókó igi kan. Mi ò rí rakúùnù. Mo purọ́ lánàá torí pé mo fẹ́ kí Dolly joyè."

Gaylon ló kọ́kọ́ fèsì. "Hẹ̀n-ẹn! Ẹ ò gbọ́ nǹkan? Ó dìgbà tó ka máàkì tán kí ojú rẹ̀ tó là!"

"Gaylon, o mọ̀ pé ìwọ náà..."

"Èmi kí ni? Èmi rí i. Bí mo ṣe sọ ọ́ lánàá ni mo ṣe sọ ọ́ lónìí. Ọ̀rọ̀ mi kì í ṣe méjì."

Kí ni Nedra fẹ́ sọ sí ìyẹn? Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ẹnu rẹ̀ ló fi mú un lánàá. Hobart wò ó pẹ́, bí ẹni fẹ́ bi í ní nǹkan mìíràn, ṣùgbọ́n kò bi í. Ó fi gègé yí máàkì Dolly ká, ó wá gbé ife náà sókè.

"Hank," ó ní. "Ti Nedra Caudill."

Nedra rìn láti ẹ̀yìn dé iwájú láti gbà á, ọ̀nà náà gùn. Àtẹ́wọ́ kankan kò dún. Obìnrin kan tó ti máa ń bu kọfí fún un láràárọ̀ ìdíje gbé ìkòkò rẹ̀ wọ yàrá ìdáná. Gaylon ni wọ́n ń gbá lẹ́yìn. "Èmi ò lè ṣe irú ẹ̀ sí àgbàlagbà láéláé," ó ń sọ fún wọn, wọ́n sì ń mi orí pé òótọ́ ni. Inú bí mi nígbà tí mo gbọ́ ìyẹn, inú ṣì ń bí mi. Àwọn àgbà ti sọ ọ́, òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Ọjọ́ náà, èké tà tán kí oúnjẹ tó tutù.

Nígbà tí Nedra jáde, Bàbá Estill ti wà níta, níbi tí wọ́n ń gbé ọkọ̀ sí. Ó ń gbìyànjú láti gbé Dolly sínú àpótí ajá tó wà lẹ́yìn ọkọ̀ rẹ̀. Nedra gbé ife náà sílẹ̀ lórí òkúta, ó ràn án lọ́wọ́, wọ́n jọ gbé e. Bàbá ti ilẹ̀kùn àpótí náà, ó wá na ọwọ́ sí i.

"Hank ṣe dáadáa," ó ní. "Ó kọ́kọ́ dé ìdí igi tirẹ̀, ó sì dúró. Mo kí i."

Nedra bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Ara rẹ̀ fúyẹ́ fún ìgbà àkọ́kọ́ láti àárọ̀. "Ẹ má bínú sí mi, Bàbá. Oore ni mo ní kí n ṣe."

"Mo mọ̀." Kò tíì fi ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Ṣé o mọ̀ pé èmi gbà pé rakúùnù wà lórí igi yẹn?"

Nedra mi orí pé òun ò mọ̀.

"Bí Dolly bá dúró sí ìdí igi tó gbó báyẹn, ẹran wà lókè. Mo mọ ajá mi. Ewé ló bò ó. Òrùka ni mo fẹ́. Òrùka kì í ṣe àbùkù, ohun tó ń wí ni pé ajá sọ tẹnu rẹ̀, ojú èèyàn ni kò tó o. Mo lè mú ìyẹn lọ sílé, kí n sùn. Ẹ̀yin méjèèjì lẹ wá ṣàánú rẹ̀, bí ẹni pé ó purọ́, tí ẹ̀ ń bò ó láṣìírí."

"Bàbá, mi ò rò ó bẹ́ẹ̀."

"O ò rò ó." Ó wá fi ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ó wo inú àpótí, Dolly ti dùbúlẹ̀. "Nínú gbogbo ìborí tó ti ní, o wà níbẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Ìbò rẹ wà nínú wọn."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"Mélòó lo rí ní tòótọ́?"

Nedra lanu, ọ̀rọ̀ kò jáde lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Kì í ṣe pé ó ní nǹkan tó ń fi pa mọ́. Kò sígbà tó purọ́ nídìí igi rí àfi alẹ́ àná. Ṣùgbọ́n ó mọ̀, bó ṣe dúró níbẹ̀ yẹn, pé kò sí bí òun ṣe máa sọ ọ́ tí kò ní dà bí ohun tí òpùrọ́ ń sọ.

"Gbogbo wọn, Bàbá. Mo búra. Gbogbo wọn pátá ni mo rí."

Bàbá Estill wò ó lójú fún ìgbà pípẹ́, bó ṣe máa ń wo orí igi.

"Ó dáa," ó ní.

Ó wọ ọkọ̀, ó wà á lọ. Kò sọ pé òun gbà á gbọ́.